Pẹpẹ Kòkó Tó Ń Dán

"Ọ̀dà olómi ni kí o rà o. Má ra elépo." Gbádéyan káfíńtà ló sọ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń kan ìṣó ìkẹyìn mọ́ pẹpẹ tuntun tí wọn yóò máa sá kòkó sí. "Elépo máa ń rùn pẹ́, kòkó kì í sì í fi òórùn sílẹ̀ bó bá ti fà á."

"Mo ti gbọ́, sà," ni Olúrónkẹ́ fèsì.

Fádáre bàbá rẹ̀ ti lọ sìnkú nílé, ní Ìkirè. Àlejò ni bàbá náà ní Araromi-Obu, oko olóko ló ń dá. Kòkó tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò kó tó lọ ni yóò fi sanwó ìdánwò àṣejáde Olúrónkẹ́. Kò sí òmíràn.

Ní Orè, Olúrónkẹ́ pàdé Péjú, ọmọ kíláàsì rẹ̀. Owó epo rọ̀bì ń ya wọ̀lú nígbà náà, kọngílá tó ń gbaṣẹ́ ṣe fún ìjọba sì ni bàbá Péjú. Ilẹ̀kùn ilé wọn, tí wọ́n fi ọ̀dà elépo kùn, ń dán débi pé èèyàn lè fi wo ojú. Nígbà tí Olúrónkẹ́ sọ ohun tó wá rà, Péjú rẹ́rìn-ín. "Ọ̀dà olómi? Ẹ̀yin ará oko yìí, ẹ ò ní yéé fi ẹfun kun nǹkan."

Ọ̀rọ̀ náà dun Olúrónkẹ́ wọ egungun. Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún, ṣùgbọ́n Péjú tí kò rán an níṣẹ́ rárá ni ọmọ yìí ń bẹ̀rù. Nígbà tí Sàádátù tó ń ta ọ̀dà bi í pé, "Kí lo fẹ́ fi kùn?", ó dáhùn pé, "Ilẹ̀kùn ni, mà." Ó gba elépo.

Pẹpẹ náà dán lóòótọ́. Àwọn ará àdúgbò wá wò ó, orí Olúrónkẹ́ sì wú.

Ọjọ́ kẹrin ni bàbá rẹ̀ dé. Ó fimú fínlẹ̀. "Rónkẹ́, òórùn kí ni mò ń gbọ́ yìí? Ṣé olómi lo rà?"

"Òun ni, bàbá. Yóò lọ tí oòrùn bá pa á."

Fádáre gbà á gbọ́, nítorí ọmọ náà kò purọ́ fún un rí. Ó da kòkó sórí pẹpẹ. Oòrùn pa á lóòótọ́, ṣùgbọ́n inú kòkó ni òórùn náà sá sí.

Lọ́jọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá yẹ kòkó wò, ọ̀gá wọn la hóró kan, ó gbé e símú, ó jù ú nù. Ó la òmíràn. "Bàbá, ọ̀dà ló ń rùn nínú rẹ̀. A ò lè gbà á."

Olúrónkẹ́ kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò nà án. Ìbá sàn fún un bó bá nà án.

"Lọ́jọ́ tí mo bi ọ́," ni Fádáre wí, "kòkó ṣì wà lábẹ́ ewé. Ká ní o sọ òótọ́ ni, orí ẹní ni ǹ bá sá a sí."

Nígbà tí Péjú àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, inú oko ni Olúrónkẹ́ wà, ó ń bá bàbá rẹ̀ fọ́ kòkó. Pẹpẹ náà ṣì ń dán lẹ́yìnkùlé. Adìyẹ ló ń sùn lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ẹni bá ti ṣi ọ̀dà rà lè tún nǹkan ṣe, bí kò bá fi irọ́ kun àṣìṣe náà. Ọjọ́ tí wọ́n bá bi yín ni kí ẹ sọ ọ́.