Bàtà Tó Jáde Láti Inú Ìsun

Bàtà ẹsẹ̀ òsì Jimoh ló kọ́kọ́ jáde. Ìsun ẹ̀yìnkùlé Màmá Memunat ní Ọ̀kà ló pọ̀ ọ́ jáde nínú kùrukùru àárọ̀, ó sì ń yí bírí lójú omi bí ohun tó ń wá ẹsẹ̀ tó ni ín. Jimoh ni wolé-wolé ìjọba ìbílẹ̀. Ó di ọjọ́ mẹ́fà tí wọ́n ti rí i gbẹ̀yìn.

Àdúgbò ti dá ẹjọ́ kí oòrùn tó yọ: Màmá Memunat, ìyá arúgbó tó ń dá gbé, ló pa á, ó sì sin ín sábẹ́ ìsun. Àwọn ọ̀dọ́ ní bí wọn kò bá rí Jimoh kí wọ́n tó kírun àlàásárì, àwọn á sun ilé ìyá náà.

Ìsípẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá Mọ́júbọ́lá, tó ti Ìkàrẹ́ wá, kò bá wọn jiyàn. Ó ti ìka bọ inú bàtà, ó sì fa ìhá ẹyìn jáde, pàǹtí onírun tó máa ń ṣẹ́kù bí wọ́n bá fọ epo tán.

"Màmá, ṣé ẹ ń fọ epo níbí ni?"

"Èmi tí n ò lè gbé garawa? Badmus ló ń fọ epo, lẹ́yìn òkè lọ́hùn-ún." Ìyá náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìdájí lójò rọ̀ sórí òkè. Níbí, ẹ̀kán kan ò kán. Nígbà tó ṣe, ìsun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ẹni tí ibà mú, ó wá kún."

Mọ́júbọ́lá wo òkè títí. Ó rán Kọ́pùrù Munir lọ ra igbá osùn méjì.

Lẹ́yìn òkè, Badmus jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ epo rẹ̀. "Wolé-wolé ò débí rí, Màdáámú. Bàtà kì í sì í gun òkè. Omi tèmi, ìlú Ìkun ló ń lọ. Òkè là wá láàárín. Ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹ lọ bi ìyá yẹn ohun tó dà síwájú."

"Òkìtì ìhá yìí ń kọ́?"

"Láti èṣí ló ti wà níbẹ̀."

Wọ́n kó o kúrò. Koríko abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀. Láàárín koríko náà ni pàlàpálá àpáta ti la ẹnu. Èémí tútù ń jáde níbẹ̀, ó ń rùn, omi sì ń sọ̀rọ̀ jìnnà nísàlẹ̀. Mọ́júbọ́lá po osùn mọ́ omi, ó dà á síbẹ̀ ní garawa garawa.

"Òrìṣà lẹ ń bọ ni?" Badmus rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká jọ sọ̀kalẹ̀, bàbá."

Wọ́n dúró yí ìsun Màmá Memunat ká. Ó pẹ́. Omi mọ́ gaara. Nígbà tó yá, okùn pupa tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ láti abẹ́ àpáta, ó gbòòrò, gbogbo ìsun sì pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Badmus fìdí jálẹ̀.

"Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè," Mọ́júbọ́lá wí, "apá kan á di àgbàrá, á gba ibi tí ilẹ̀ tẹ̀ sí. Ìyẹn ló ń lọ sí Ìkun. Àpáta á mu apá kejì, ìyẹn sì mọ ọ̀nà tirẹ̀ nínú òkùnkùn. Ọ̀nà yẹn ni bàtà gbà, pẹ̀lú ìhá yín nínú. Ẹ ní láti èṣí ni òkìtì yẹn ti wà, koríko abẹ́ rẹ̀ ò sì tíì gbẹ. Kí ni Jimoh rí?"

"Ó rí ibi tí mo ń da ẹ̀gbin ẹ̀rọ sí. Ó lóun á ti ilé ẹ̀rọ pa. Mo tì í sínú ihò." Badmus gbójú sílẹ̀. "Mo rò pé ihò yẹn ò níbi tó já sí."

Munir fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbé kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù wọn lọ, wọn ò lè wo ojú ìyá.

"Ọmọ mi," Màmá Memunat wí, "ṣé Jimoh ṣì wà nínú ibẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀, Màmá."

"Látọjọ́ mẹ́fà?"

Mọ́júbọ́lá yíjú sí ìsun. Ẹni tó gbé kẹ́ẹ̀gì dúró. Nínú gbogbo ilé tó yí wọn ká, ìkòkò omi tí wọ́n pọn nínú ìsun náà kún dẹ́nu.