Ohun Tó Wà Lábẹ́ Bátìrì Tabitha

Láàárín oṣù méjì péré, Adéjìmí kúrò nínú yàrá kan ní Fọlá Agoro, ó kó lọ sí ilé alájà. Lórí ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì táwọn èèyàn ti ń wá ẹni tó máa bá wọn fi sólà sílé, orúkọ tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ. Àwọn tó kọ́ ọ níṣẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá.

Ṣáájú ìyẹn, odindi ọdún kan ló lò lórí ìkànnì náà láìrí ẹni pè é. Ìyẹn ló gbé e dé ilé Ògúnmọ́lá, oníṣègùn kan ní Abúlé Òkúta. Ọ̀sán gangan ni, síbẹ̀ yàrá náà dúdú bí inú kànga. Òórùn ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ gbá a nímú. Ògúnmọ́lá fi abẹ gé e láyà, ó fi ẹ̀jẹ̀ náà po ẹ̀tù, ó dì í sínú awọ.

"Ojú kì í rí oòrùn kó má ṣẹ́," ó ń pọfọ̀. "Gbogbo ojú tó bá wo ìkànnì, Adéjìmí ni kó rí."

Ó sún mọ́ ọn. "Ẹni tó bá kọ́kọ́ pè ẹ́ níbẹ̀, abẹ́ bátìrì rẹ̀ ni wàá fi èyí sí. Ẹ̀jẹ̀ onílé ni yóò máa mu."

"Tó bá jẹ́ ẹni tí mo mọ̀ ńkọ́, Baba?"

"Ṣé o fẹ́ là àbí o ò fẹ́?"

Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan pè é láti Pedro. Nígbà tó débẹ̀, Tabitha, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó tọ́ ọ dàgbà, ló ṣílẹ̀kùn ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi pè é lórí ìkànnì. Ẹ̀rín ń pa á.

"Mo mọ̀ pé tí n bá ní èmi ni, o ò ní gbowó. Jìmí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jàre."

Adéjìmí to sólà sórí òrùlé. Ó wá gbé bátìrì sókè, ó ti awọ náà sábẹ́ rẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni fóònù rẹ̀ ò ti sinmi mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àìsàn dá Tabitha dùbúlẹ̀. Bí oòrùn bá ti kan sólà orí òrùlé, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ara rẹ̀ ń gbẹ bí ewé. Dókítà ò rí nǹkan kan. Bílẹ̀ bá ṣú, ara á tù ú.

Lọ́jọ́ tí Tabitha na ọwọ́ sí Adéjìmí, tí ọwọ́ náà le bí igi, Adéjìmí sáré lọ bá Ògúnmọ́lá.

"Ẹ bá mi tú u, Baba."

Ògúnmọ́lá ò gbójú sókè. "Ẹni tó bá yọ ọ́ ló máa rọ́pò onílé. Jáde, má jẹ́ kí n tún rí ẹ."

Adéjìmí padà sí Pedro lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó gbé bátìrì kúrò. Awọ náà ti wú, irun ti hù lára rẹ̀, ó ń mí. Ó fà á. Ó lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó sì wọ inú ẹran lọ. Nínú yàrá, Tabitha ò ké mọ́. Bí oòrùn bá ti kan ara rẹ̀, Adéjìmí ló ń ké báyìí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Tabitha fi tọ́jú rẹ̀. Ó fi aṣọ dí gbogbo fèrèsé kí oòrùn má bàa kàn án. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń fún un lẹ́kọ mu, ó bi í pé, "Jìmí, kí lo yọ lábẹ́ bátìrì mi?"

Adéjìmí sọ gbogbo rẹ̀.

"O ti mọ̀ pé èmi ni kó o tó fi síbẹ̀?"

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jọ̀ọ́."

Tabitha rọra gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀. Ó rìn lọ sídìí fèrèsé, ó ká gbogbo aṣọ náà kúrò níkọ̀ọ̀kan, ó sì ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn ara rẹ̀.