Òkúta Mẹ́tàlélógójì

Obìnrin náà gbé àwòrán kékeré kan lé orí tábìlì tíṣà, ó ní kí a máa kọjá níwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a wò ó dáadáa. Ọmọkùnrin ọdún mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Kóòtù tó wọ̀ ti kéré jù fún un, wọ́n sì so páálí kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí mọ́ ọn láyà.

"Eckart lorúkọ rẹ̀," ni obìnrin náà wí. Ọ̀mọ̀wé Tuohy ni, òpìtàn láti yunifásítì kan ní Dublin. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ń ṣe ìwádìí lórí àjọṣe àwa ará Ireland pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ní ọ̀rúndún tó kọjá. "Lẹ́yìn ogun Hitler, nígbà tí ebi ń pa àwọn ọmọ Jámánì, wọ́n kó lára wọn wá síbí ká lè bọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ló padà sílé. Eckart ò padà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Hannelore, ti di ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ní Bremen. Ohun kan ṣoṣo ló ń bẹ̀ mí fún, ibi tí wọ́n sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí. Lẹ́tà tí wọ́n gbà nígbà náà kàn sọ pé Rinnbán níbí ló kú sí. Ta ló ti gbọ́ nǹkan kan nílé nínú yín?"

Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, mo sì dì wọ́n mọ́ra níbẹ̀, nítorí mo mọ ibi tí ọmọ náà wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ni Màmá Nóra Ruane ti sọ ọ́ fún mi. Ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ni, òun nìkan ló ń gbé ilé tó kángun sí etí òkun. Ọ̀dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ni Eckart gbé. Ikọ́ mú un nígbà òtútù, ó sì kú. Àlùfáà ìgbà náà ní ìjọ tiwọn kì í ṣe tiwa, kò sì jẹ́ kí wọ́n sin ín sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Nóra gbé pósí náà lọ sí Cillín, pápá etí òkun tí àwọn ará àtijọ́ máa ń sin ọmọ tí wọn ò tí ì rì bọmi sí. Òkúta kan ni wọ́n ń fi lé orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, láìkọ orúkọ sí i.

Kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀? Ojúkòkòrò ni, mi ò ní pè é ní orúkọ mìíràn. Olúkúlùkù wa ló ní iṣẹ́ ìwádìí tó gbọ́dọ̀ ṣe fún ìdánwò àṣekágbá, tíṣà wa sì ti sọ pé ẹni tó bá rí ohun tí ẹnikẹ́ni ò tí ì kọ rí ló máa gba máàkì tó ga jù. Yunifásítì ni mò ń lé. Bí Ọ̀mọ̀wé Tuohy bá gbọ́, ọ̀rọ̀ náà di tirẹ̀ nìyẹn. Mo ní kí n kọ́kọ́ kọ tèmi tán ná. Ọmọ tó ti sùn síbẹ̀ láti ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún, kí ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta máa fi ṣe é?

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo gba ilé Màmá Nóra lọ.

"Wọlé, ọlọ́pàá," ló sọ. Bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, nítorí ìbéèrè mi. Ó bu tíì dúdú fún mi, ó fi bọ́tà sí búrẹ́dì. "Jẹun ná. Afẹ́fẹ́ etí òkun yìí á gbé ọ lọ lọ́jọ́ kan."

"Màmá, òkúta wo gan-an ni tirẹ̀?"

"Mi ò lè fẹnu sọ ọ́. Òkúta ibẹ̀ lé ní ogójì, gbogbo wọn ló sì jọra. Àfi kí n dúró síbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ náà, tí mo bá bàbá mi mú ṣọ́bìrì dání. Ẹsẹ̀ mi á mọ̀ ọ́n. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Jẹ́ kí òjò yìí dá."

"Òjò Rinnbán tí kì í dá? Màmá, ẹ sọ pé ẹ ò fẹ́ lọ."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó wá gbé ife sílẹ̀. "Ẹni tó ń pín lẹ́tà sọ pé obìnrin kan ń bọ̀ wá bi wá léèrè ọmọ yẹn. Ṣé ó ti dé ilé ìwé yín? Mo fẹ́ rí i, Sorcha. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú mi."

Mo gbé búrẹ́dì sílẹ̀. "Kò tí ì dé, Màmá. Wọ́n ló di ẹ̀yìn Àjíǹde."

"Ẹ̀yìn Àjíǹde." Ó ń wo iná. "Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀wé."

Kò fura rárá. Èyí ló ń dùn mí jù títí dòní.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni òjò fi rọ̀. Mo ń kọ̀wé nìṣó, iṣẹ́ mi sì ń dára sí i. Mo fi àlàfo sílẹ̀ fún òkúta náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Tuesday kan, mò ń wọ bàtà ilé ìwé lọ́wọ́ nígbà tí rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn tó kú lágbègbè wa, bó ṣe máa ń ṣe lójoojúmọ́. Màmá mi gbé ọwọ́ sókè kí a dákẹ́, bóun náà ṣe máa ń ṣe. "Nóra Ruane, ti Rinnbán, lójijì, nílé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Galway."

Màmá mi ṣe àmì àgbélébùú. "Ọlọ́run ò! Torí òtútù yìí ni wọ́n ṣe wá mú un lọ ní ìparí ọ̀sẹ̀. Sorcha, kí ló ń ṣe ọ́? Jókòó, ojú rẹ ti funfun."

Ikú ò dájọ́, àrùn ò dóṣù. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ṣùgbọ́n mi ò rò pé èmi ni wọ́n ń bá wí.

Wọ́n gbé e padà wálé, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí nínú yàrá rẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń wọlé wá bọ àwọn ẹbí lọ́wọ́. Ọ̀mọ̀wé Tuohy ti padà wá sí Rinnbán, ó sì wà láàárín wọn. Ẹnìkan ti sọ fún un lẹ́nu ọ̀nà pé ilé yìí gba ọmọ Jámánì kan nígbà kan.

"Wọ́n ní ìwọ lo máa ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ jù," ó rọra wí. "Ǹjẹ́ ó bá ọ sọ ọ̀rọ̀ Eckart rí?"

Ẹ̀gbẹ́ pósí ni mo ti jẹ́wọ́ fún un. Mo sọ ti àpò tí mo ki ọwọ́ bọ̀, mo sọ ti ẹ̀yìn Àjíǹde. Kò pariwo. Ìbá sàn fún mi ká ní ó pariwo.

"Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi sùn nílé àlejò ìsàlẹ̀ ọ̀nà yìí nígbà tí mo kọ́kọ́ wá," ó wí. "Mò ń rí èéfín ilé yìí láti ojú fèrèsé mi."

Lẹ́yìn ìsìnkú, a jọ lọ sí Cillín. A ka òkúta mẹ́tàlélógójì. Mo dúró síbí, mo dúró sọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi ò mọ nǹkan kan. Kò sì sẹ́ni tó máa gbà kí a gbẹ́ ilẹ̀ tí ọmọ tó tó báyẹn sùn sí.

Hannelore dé nínú oṣù Karùn-ún. Obìnrin tín-ín-rín ni, ó ń fi ọ̀pá rìn. Ó ti mọ ohun tí mo ṣe. Ó tẹjú mọ́ mi, ó sì fi èdè Jámánì sọ̀rọ̀, Ọ̀mọ̀wé Tuohy ń túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ni ìyá arúgbó yẹn sọ fún ọ nípa rẹ̀?"

"Ó ní Eckart máa ń fi búrẹ́dì pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí, mà, bóúnjẹ tilẹ̀ kún ilé."

Ó mi orí. "Bó ṣe rí nìyẹn. Èmi ló ń fi pamọ́ dè nígbà tí a wà nílé. Ṣé ó ń sunkún màmá wa?"

"Mi ò béèrè, mà."

"Ṣé ó dárúkọ mi rí?"

"Mi ò béèrè."

Kò bi mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Ó lọ síbi òkúta àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó fi ọwọ́ lé e, ó ní, "Eckart." Ó dìde, ó lọ síbi ìkejì, ó bẹ̀rẹ̀, ó tún pè é. Mo na ọwọ́ kí n dì í mú, kò gbà. Bó ṣe ṣe é yí gbogbo pápá náà ká nìyẹn, nínú ẹ̀fúùfù, mo sì ń tẹ̀lé e lẹ́yìn títí ó fi pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélógójì.

Mo kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ mi. Máàkì tí wọ́n fún mi ga. Mi ò fi han ẹnikẹ́ni.

Àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àwọn àgbà ti wí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí arúgbó bá sọ fún yín kì í ṣe tiyín nìkan. Bí ẹ bá mọ ẹni tó ń wá a, ẹ tètè sọ fún un. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni mo fi pa mọ́, àṣé títí ayé Hannelore ni.