Ológbò Onígèlè

Ẹ̀rín ni Kúlúsúmù fi dá Sàídì lóhùn lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ Kúlúsúmù wà lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Sẹ̀kọ̀nà, ní Ẹdẹ, aṣọ ọmọdé ló sì ń rán jù. Sáyà gbogbo aṣọ náà ló máa ń fi òwú ya ológbò kan tó wé gèlè, olójú ńlá, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yó.

"Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí," ni Sàídì wí. "Ẹ bá mi ya ológbò yín sára ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kó máa ta gìtá."

"Gìtá kẹ̀? Ta ló fẹ́ wọ̀ ọ́?"

"Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì. A jọ ń kọrin ni."

"Jùjú ni àbí fújì?"

"Kò sí èyí tó jẹ́ níbẹ̀. Rọ́ọ̀kì, orin òyìnbó ni. Ó máa ń le létí díẹ̀."

Tíṣà ni Sàídì. Inú kásẹ́ẹ̀tì tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yá ara wọn nílé ìwé ní Ìbàdàn ló ti kọ́ orin náà. Nígbà tó wá gba ṣẹ́ẹ̀tì, ó gbé gìtá dání, ó rọra ta á. Ẹsẹ̀ Kúlúsúmù dúró lórí ẹ̀rọ. Kò gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ó wọ̀ ọ́ lára. Kí oṣù náà tó parí, ìfẹ́ ti kó sí àwọn méjèèjì lórí.

Àwáwù, ìyá Sàídì, ni kò gbà.

"Sàídì, ológbò lo gbé sáyà? Ta ló yà á?"

"Kúlúsúmù ni, Màámi. Òun ni mo fẹ́ fi ṣaya."

"Ẹni tó ń ya ẹran àjẹ́ sára aṣọ ọmọ ọlọ́mọ? Mi ò fẹ́ ẹ."

Ọ̀rọ̀ náà dun Sàídì. Ó lọ bá Kúlúsúmù. "Olólùfẹ́ mi, ṣé o ò lè máa ya ẹyẹlé? Màámi á gbà."

Kúlúsúmù dá ẹ̀rọ dúró. "Bàbá mi ní kí n sọ fún ẹ pé kó o pa orin ariwo yẹn tì kó o tó wá tọrọ mi. Mi ò jíṣẹ́ náà, torí mo mọ̀ pé ìwọ gan-an ni orin yẹn. Ìwọ wá ń ní kí n ya ẹyẹlé."

Ojú ti Sàídì. "Má bínú, adúmáadán mi."

Aṣọ ọmọdé ni Àwáwù ń tà lọ́jà. Lọ́dún náà, àwọn ṣọ́jà tó ń ṣèjọba ti fòfin de ọ̀pọ̀ ọjà òkè òkun, nǹkan sì le. Aṣọ tó máa ń kó wá láti Èkó kò wọlé mọ́, àtẹ rẹ̀ gbẹ. Àwọn ìyá ọmọ tó ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀, aṣọ ológbò onígèlè ni wọ́n ń bèèrè. Ó pòṣé títí, ó sú u. Nígbà tí Iléyá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, ó gba ṣọ́ọ̀bù Kúlúsúmù lọ.

"Ẹ káàárọ̀, mà." Kúlúsúmù kúnlẹ̀.

Àwáwù mú aṣọ kékeré kan, ó wò ó pẹ́. "Mo bí obìnrin kan ṣáájú Sàídì," ló sọ nígbẹ̀yìn. "Ológbò ń ké lójú fèrèsé wa nígbà tí ọmọ náà ń kú lọ. Láti ìgbà náà, mi ò fẹ́ rí ológbò mọ́."

Omi bọ́ lójú Kúlúsúmù. "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Mi ò mọ̀."

"Ibo lo ti fẹ́ mọ̀? Èyí ò tiẹ̀ jọ ọ́. Èyí ń rẹ́rìn-ín." Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Rán èyí tó bá ṣeé rán fún mi kí ọdún tó dé. Kó o sì sọ fún bàbá rẹ pé à ń bọ̀ wá rí wọn."

Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ bàbá Kúlúsúmù, ó ní kí Sàídì kọrin náà lójú òun. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó fọwọ́ nu etí. "Kò dùn mọ́ mi," ló wí, "àmọ́ mo rí ojú ọmọ mi bó o ṣe ń kọ ọ́. Ẹ máa bọ̀ wá tọrọ rẹ̀."

Lẹ́yìn Iléyá ni wọ́n so yìgì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n mú ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ. Ìyàwó ilé kan ti bu omi tí wọn yóò fi wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n Àwáwù gba igbá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó da omi tútù sí ẹsẹ̀ Kúlúsúmù, ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ nù ún.

"Ẹsẹ̀ rẹ á tù wá lára," ló wí.

Kúlúsúmù di èjìká rẹ̀ mú, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún lé ẹnu ọ̀nà, ó wọlé.