Yàrà Tó Yí Ilé Hervé Ká

Ní àárọ̀ tí Sìrájù rí àwọn tí wọ́n kó ní túláàsì, tí wọ́n ń gbẹ́ yàrà yí ilé tuntun òyìnbó Hervé ká, létí ọ̀sà ní Koumassi, ó pa dà sí àdúgbò rẹ̀ ní Treichville, ó ká àdìrẹ rẹ̀ kúrò lórí àtẹ. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó wá ṣòwò nílẹ̀ òkèèrè ni. Bàbá rẹ̀ àgbà wà lára àwọn tó gbẹ́ yàrà ìlú nígbà ogun. Kò mọ nǹkan mìíràn tí ènìyàn ń fi yàrà ṣe.

Ó ń kìlọ̀ fún àwọn ará ilé pé ogun ń bọ̀. Wọ́n bi í pé ogun ta ni, kò mọ̀. Síbẹ̀, kó tó di ọ̀sán, ọ̀pọ̀ wọn ti di ẹrù wọn.

Sẹ̀kínà, ìyàwó rẹ̀, ló ń rẹ́rìn-ín. “Bàbá Bàsìt, òyìnbó tó fẹ́ jagun, ṣé òdòdó ló máa gbìn sórí odi?”

Òótọ́ ni. Inú ọgbà ni wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde sí, wọ́n ń mọ ọ́n ní ebè gígùn, wọ́n ń gbin òdòdó sí i. Àwọn ebè náà ṣì wà níbẹ̀ dòní, koríko ti bò wọ́n, kò sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó mọ wọ́n. Sìrájù rí òdòdó náà. Ó tún wá rú u lójú ni.

Ọlọ́pàá mú un lọ síwájú kọmáńdà, òyìnbó tó ń ṣàkóso ìlú. Hervé náà wà níbẹ̀, ó ṣàlàyé pé bí ilé àwọn ọlọ́lá ìlú òun ṣe rí láti ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún nìyẹn, omi yí i ká, ọgbà wà nínú. Àárò ilé ló ń ṣe òun.

Sìrájù dọ̀bálẹ̀. “Kábíyèsí, ta ni wọ́n ń sá fún nígbà náà?”

Tadjoudine, ògbufọ̀, ní ọ̀tá àtijọ́ ni, wọn ò sí mọ́.

“Wọn ò sì dí yàrà náà?”

Wọ́n ní Sìrájù da ìlú rú. Àwọn tí Hervé fi ipá kó ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ wọn. Ìdájọ́ Sìrájù ni pé kó gbẹ́ yàrà náà títí Hervé yóò fi sọ pé ó tó.

Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ tí sójà wá mú Hervé lọ. Ogun ti bẹ́ sílẹ̀ nílùú òyìnbó, wọ́n sì ń kó àwọn ọkùnrin ibẹ̀ lọ jà. Gbogbo ènìyàn yíjú sí Sìrájù, tó dúró sínú omi tó mù ún dé orúnkún.

Ó gbójú sókè wo ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ọ. “Ọ̀gá, ṣé kí n gòkè wá ni, àbí kí n gbẹ́ ẹ jìn sí i?”

Ẹ̀ṣọ́ náà wo ọ̀nà tí wọ́n gbé Hervé gbà.