Yìnyín Inú Ọkọ̀ Réal

Ẹnikẹ́ni kọ́ ló sọ ọ́ fún mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbá yìnyín náà, èmi ni mo dà á nù, àtẹ́lẹwọ́ mi sì tutù rinrin títí ilẹ̀ ọjọ́ náà fi ṣú. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ìyá mi wà ní ìlú wa, Rimouski, etí rẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn. Ẹ lọ bi í.

Oṣù kejì ni bàbá mi, Réal, kú. Ọkàn rẹ̀ ló dáṣẹ́ dúró, ní ọsibítù, láìpariwo. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kú nígbà òtútù kì í tètè rí ilẹ̀ wọ̀. Ilẹ̀ á ti le bí irin. Ilé olókùúta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú, ibẹ̀ ni pósí rẹ̀ wà títí ilẹ̀ yóò fi rọ̀. Àlùfáà dá Sátidé kan fún wa ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún.

Ìyá mi, Ghislaine, kò jáde nílé láti oṣù kejì yẹn. Kò dé ẹnu ọ̀nà pàápàá. Nígbà tí mo sọ ọjọ́ ìsìnkú fún un, ó ń ro ọbẹ̀ ẹ̀wà lórí iná. Kò yíjú.

"Ọkọ̀ rẹ̀ ni màá bá lọ."

"Màámi, ọkọ̀ yẹn dọ̀tí. Iyọ̀ ti bò ó látòkè délẹ̀."

"Fọ̀ ọ́ nígbà náà."

"Màá gbé e lọ síbi tí ẹ̀rọ ti ń fọ ọkọ̀."

"Bàbá rẹ kì í gbé e lọ síbẹ̀. Ilé ló ti ń fọ̀ ọ́. Kò ní fẹ́ kí n fi ọkọ̀ oníyọ̀ wá sin òun."

Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́, kí ilẹ̀ má baà máa yọ̀, ni à ń wí. Bó ṣe ń jẹ yìnyín náà ló ń jẹ irin ọkọ̀. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ tó ń da iyọ̀ náà fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Tí ìgbà òtútù bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, á gbé ọkọ̀ tirẹ̀ síta, á sì máa fọ̀ ọ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a fọwọ́ kàn án. Ìdí nìyẹn tí èmi Maryse fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì láìfọ ọkọ̀ rí.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìsìnkú náà, mo jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bébà àti bírò. Mo fẹ́ to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ. Bàbá Fernand, aládùúgbò wa, ọ̀rẹ́ bàbá mi, wá wo ohun tí mo kọ.

"Kí lo fi ṣíwájú?"

"Ìda tó ń mú ara ọkọ̀ dán."

"Ìda kẹ̀? Àtíkè lo fẹ́ kùn kó o tó wẹ̀?"

Ó gba bírò lọ́wọ́ mi. Inú ọkọ̀ ní Ọjọ́rú, kí ó lè gbẹ ní Ọjọ́bọ̀. Ìta lọ́jọ́ Ẹtì. Táyà ṣáájú, ara ọkọ̀ tẹ̀ lé e. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọ̀kan fún ọṣẹ, ìkejì láti máa fi ṣan kàn-ìn-kàn-ìn. Fínígà àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fún àbàwọ́n iyọ̀. Ibòji ni kí n ti fọ̀ ọ́, kì í ṣe inú oòrùn.

"Má sì fi ọṣẹ abọ́ fọ̀ ọ́ o. Mo mọ̀ ẹ́."

"Ta ló kọ́ yín ní gbogbo èyí?"

"Réal náà ni. Ó bú mi kó tó kọ́ mi."

Ní Ọjọ́rú, mo ṣí gáréèjì. Kò sẹ́ni tó wọ ibẹ̀ látọjọ́ tí mo ti gbé ọkọ̀ náà dé láti ọsibítù. Ooru mú díẹ̀ níta. Yìnyín ti tán lójú odò. Pẹ́pẹ́yẹ funfun ń kọjá lókè, wọ́n ń ké.

Mo ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Òtútù jáde, ó gbá mi lójú.

Yìnyín wà lórí rọ́bà ìtẹ́sẹ̀, lábẹ́ bíréékì. Ó funfun, ó gbẹ, ó fẹ́lẹ́ bí ìyẹ̀fun. Bí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ láti ojú ọ̀run.

Mo ní bóyá gáréèjì ló tutù. Àmọ́ omi wà nínú garawa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò dì.

Mo fi ọwọ́ gbá yìnyín náà, mo dà á síta. Mo fi ẹ̀rọ fa eruku inú ọkọ̀. Mo fi fínígà nu àwọn ìlà funfun tí iyọ̀ fà sára kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pòórá lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn bíi tọmọdé. Lẹ́yìn wákàtí kan, mo jáde. Yìnyín tí mo dà nù ṣì wà nínú oòrùn. Kò yọ́. Nígbà tí mo tún wò, kò sí mọ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo lọ wò ó bóyá inú rẹ̀ ti gbẹ. Yìnyín tún wà níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ojú bàtà méjì wà nínú rẹ̀. Ti ọ̀tún tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin. Ti òsì wọ́ nílẹ̀ díẹ̀.

Bàbá mi já bọ́ lórí àkàbà lọ́dún kan. Látìgbà náà ló ti ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì.

Mo pe Bàbá Fernand. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Ó ṣí fìlà.

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi nìkan."

Mo ń gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti orí òrùlé. Tó. Tó.

"Tí yìnyín títì bá yọ́, ó máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀," ó ní. "Ṣé ti àná fi nǹkan kan sílẹ̀?"

"Rárá."

"A jẹ́ pé kì í ṣe ojú títì tiwa ló ti wá." Ó dé fìlà rẹ̀ padà. "Gbá a, kó o máa bá iṣẹ́ ẹ lọ."

"Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

"Ó ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo mọ̀ ni."

Nírọ̀lẹ́, nídìí oúnjẹ, mo sọ fún ìyá mi. Mo rò pé á sunkún. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ kalẹ̀.

"Ó gbẹ àbí ó rin?"

"Ó gbẹ."

"Ó dáa nígbà náà," ó ní, ó sì ń jẹun lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo gbá yìnyín lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbé ọkọ̀ síbi òjìji ilé. Mo ń pọn omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì nígbà tí mo gbọ́ ìró ilẹ̀kùn. Ìyá mi ni. Ó ti wọ kóòtù. Ó sọ̀kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀, ó di irin rẹ̀ mú. Mo fẹ́ lọ bá a, ó juwọ́ sí mi pé kí n dúró. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀.

"Bá mi ti ilẹ̀kùn. Máa ṣiṣẹ́ ẹ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ táyà. Mo gbọ́ bí bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀ ṣe dún. Kẹ́. Lẹ́yìn náà, mo tún gbọ́ ọ lápá awakọ̀. Kẹ́.

Mo dúró. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú àpò mi.

Ìyá mi ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ó ń dákẹ́ lágbedeméjì, bí ẹni tó ń gbọ́ èsì. Ó rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan. Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti oṣù kejì. Mo gbójú sókè. Èémí ti bo gíláàsì méjèèjì níwájú, tọ̀tún tòsì.

Mi ò súnmọ́ ọn. Mo ń fọ táyà tó ti mọ́.

Ó tó ìdajì wákàtí kí ó tó jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pọ́n, bíi tẹni tó ti rìn nínú òtútù.

"Táyà ẹ̀yìn, lọ́wọ́ òsì," ó ní. "O ò fọ abẹ́ rẹ̀."

"Ẹ ò tíì dé ẹ̀yìn ọkọ̀, Màámi."

"Lọ wò ó."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo tọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀. Ìṣù iyọ̀ àti ẹrẹ̀ kan wà níbẹ̀, ó tóbi tó ìkúùkù. Nígbà tí mo fi máa gbójú sókè, ó ti wọlé lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ̀ náà dán bíi dígí. Rọ́bà ìtẹ́sẹ̀ gbẹ. Mo wa ìyá mi lọ. A sin bàbá mi nínú ilẹ̀ tó rọ̀, tó ń rùn bí ilẹ̀ òjò. Bàbá Fernand sunkún ju gbogbo wa lọ. Àwọn èèyàn túká. Ó ku àwa méjì.

Nígbà tí a dé ìdí ọkọ̀, ìyá mi na ọwọ́.

"Kọ́kọ́rọ́."

Ìyá mi kò wa ọkọ̀ rí láyé rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí tí mo fi gbé e fún un.

Ó fa ìjókòó síwájú. Ó tún dígí tí wọ́n fi ń wẹ̀yìn ṣe. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀rọ sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ gbéra jẹ́jẹ́, kò fò, kò gbọ̀n. Ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láàárín àwọn ibojì, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí sítíárì.

"Màámi, ta ló kọ́ yín?"

"Jẹ́ kí n wojú ọ̀nà."

A dé ẹnu géètì. Títì gbẹ táútáú, oòrùn ń ràn lórí rẹ̀. Kí ó tó dúró, ó tẹ bíréékì fẹ́rẹ́, ó tú u, ó tún tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́, bí a ṣe ń ṣe lórí yìnyín.

"Kí ló dé tí ẹ tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ gbẹ."

Ó pa ọkọ̀. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́, ó sì rọra pa ọwọ́ mi dé lé e lórí.

"Bàbá rẹ ní níbi tí òun wà, ilẹ̀ ń yọ̀."