Ẹni Tí Kò Bá Wọn Ṣeré

Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù. Àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò sì ní bọ́ sílẹ̀. Ẹ fi etí sílẹ̀, kí ẹ gbọ́ bí eré àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rẹ́rìn-ín sí mọ́.

Olùkọ́ kan wà ní yunifásítì, ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ló ń kọ́ni. Màmá Òfin ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é. Kò gbà pé ìwé nìkan tó. "Orí ilẹ̀ kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ odò wíwẹ̀," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Eré ìdánrawò ló fi ń kọ́ wọn. Àwọn kan á ṣe ọlọ́pàá, àwọn kan á ṣe ẹni tí wọ́n mú, àwọn kan á ṣe olùbẹ̀wò tó wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tó wà látìmọ́lé. Tó bá ti fọn fèrè, eré parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ọ́fíìsì àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà ni wọ́n yá lò. Ibẹ̀ tutù bí inú kànga. Àbíkẹ́yìn, tó kéré jù nínú kíláàsì, ni olùbẹ̀wò. Ó ti ṣe é rí, kò sì ṣe dáadáa, nítorí ojú ìbéèrè máa ń tì í.

"Abéèrè kì í ṣìnà," Màmá Òfin rán an létí lẹ́nu ọ̀nà. "Bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ni wọ́n ní ẹ ṣe? Ta ló mọ̀ pé ẹ wà níbí? Kí lẹ nílò? Má fo ẹnì kankan."

Bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń ṣílẹ̀kùn fún un, Àbíkẹ́yìn gbọ́ ìró kan láti inú yàrá kejì. Kọ̀ọ́. Kọ̀ọ́. Kọ̀ọ́.

"Bọ̀dá, kí nìyẹn?"

"Eku ni. A kì í ṣí yàrá yẹn. Àwọn tó ń ṣọ́ òru ló mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ."

Nínú yàrá àkọ́kọ́, Gìrìpá tó ń ṣe ọlọ́pàá ti de fìlà, ó ń lu tábìlì gbàgà gbàgà. "Ta ló jí i? Ẹ jẹ́wọ́!" Àwọn tó jókòó sílẹ̀ ń fi ẹ̀rín pamọ́ sẹ́nu.

Àbíkẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni àkọ́kọ́. "Kí ni wọ́n ní ẹ ṣe?"

"Wọ́n ní mo jí àgùntàn."

"Ta ló mọ̀ pé ẹ wà níbí?"

"Àgùntàn náà mọ̀."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ni kò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan wà ní kọ̀rọ̀, ó kọjú sí ògiri. Ọ̀dà funfun ti gbẹ mọ́ irun rẹ̀, mọ́ ipéǹpéjú rẹ̀, dé ọwọ́ méjèèjì.

"Ta ló kun ọ̀gbẹ́ni yìí bí iwin báyìí?" Gìrìpá bi wọ́n. "Ó mọ eré ṣe ju gbogbo wa lọ!"

"Á jẹ́ Màmá ló mú un wá látọ̀dọ̀ àwọn eléré orí ìtàgé," ẹnì kan dáhùn. Kò sẹ́ni tó tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Àbíkẹ́yìn lóṣòó tì í. "Ẹ kú ìjókòó, sà. Kí ni wọ́n ní ẹ ṣe?"

"Fóònù." Ohùn rẹ̀ jìnnà, àfi bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti abẹ́ ilẹ̀.

"Ta ló mọ̀ pé ẹ wà níbí?"

"Kò sí."

"Kí lẹ nílò?"

Ó wo fìlà orí Gìrìpá. "N ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀."

Orí Àbíkẹ́yìn wú. Nígbà yẹn gan-an ni fèrè dún níta.

Gbogbo wọn dìde, wọ́n ń gbọn erùpẹ̀ ara aṣọ wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ gbalaja, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo orí. Ẹ̀rín kú lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹ́ fìtílà pa.

"Ọ̀gbẹ́ni," Àbíkẹ́yìn wí jẹ́jẹ́, "eré ti parí."

Kò gbé orí sókè. "Eré wo?"

Màmá Òfin wọlé. "Ta ló mú ọkùnrin yìí wá?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni, mà?"

"Èmi kọ́ o."

Gbogbo ojú yí sí ẹ̀ṣọ́. "Mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo gbaṣẹ́ láàárọ̀," ó ń kólòlò. "Mo ṣebí ọ̀kan nínú yín ni!"

Omi ni Àbíkẹ́yìn kọ́kọ́ fún un. Ó mu ún tán kó tó lè sọ̀rọ̀. Akunlé ni. Ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló wá kùn lánàá, fóònù kan sì sọnù níbẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ òru wọ́ ọ wá síbí. "Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá fẹ́ jẹ́wọ́. Tí fèrè bá ti dún, ẹgba ló kàn."

Gìrìpá ṣí fìlà. Kò mọ ibi tí yóò fi í sí.

"Ṣùgbọ́n mà, tó bá jẹ́ òun ló jí i ńkọ́?" ẹ̀ṣọ́ béèrè.

"Adájọ́ ni yóò sọ ìyẹn. Agbẹ́jọ́ẹnìkan-dájọ́, òun ni àgbà òṣìkà. Ẹni tí ẹ bá fura sí, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má tì í mọ́lé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọlọ́pàá pàápàá gbọ́dọ̀ sọ ẹ̀sùn rẹ̀ fún un, kí wọ́n jẹ́ kó pe ẹbí àti agbẹjọ́rò, kí wọ́n sì tètè gbé e lọ síwájú adájọ́. Ẹgba kì í mú òtítọ́ jáde, igbe ló ń mú jáde."

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́ èyí náà. Tí wọ́n bá mú yín, ẹ béèrè ẹ̀sùn yín ní pẹ̀lẹ́tù, ẹ má jà, ẹ má sì fọwọ́ sí ohun tí ẹ kò kà. Tí ẹ bá rí ẹni tí wọ́n tì mọ́lé, ẹ má ṣe sọ pé ẹlòmíràn mọ̀ nípa rẹ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn ti rò pé ẹnì kan mọ̀ ni èèyàn ń gbé sọnù. Ẹ béèrè. Ẹ má sì fi mọ sí ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ṣí fún yín nìkan. Olúwa kò ní jẹ́ ká rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

Wọ́n mú akunlé jáde sínú oòrùn. Àbíkẹ́yìn na fóònù rẹ̀ sí i. "Ẹ gbà, ẹ fi pe ìyàwó yín, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀."

Kò gbà á. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó tẹ́tí sí ògiri. Ìró kọ̀ọ́ kọ̀ọ́ tí Àbíkẹ́yìn gbọ́ ṣáájú ti dákẹ́.

"Kì í ṣe eku, àǹtí," ó wí. "Àtàná la ti jọ ń kan ògiri síra wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí yàrá kejì."